Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wọ ICU Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére ní Ifákọ̀

  Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ jókòó níwájú mi, nọ́ọ̀sì ni yín kí ẹ tó wá síbí. Láísẹ́ǹsì yín ti wà lọ́wọ́, ẹ ti tọ́jú alààyè, ẹ ti tọ́jú òkú. Síbẹ̀, ẹ padà wá jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, torí pé iṣẹ́ ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, lẹ fẹ́ ṣe, níbi tí aláìsàn kì í ti í lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ohun tó gbé yín padà wá yẹn ni mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kúrò lára yín.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó gboyè ní 2004 ni wọ́n kọ́ pé bí ọkàn àgbàlagbà bá dáwọ́ dúró, kó kọ́kọ́ la ọ̀nà ọ̀fun, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó tó wá tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 2005, títẹ̀ náà di 30 sí èémí méjì. Ní 2010, American Heart Association tún yí ètò náà padà: àyà títẹ̀ ló ń ṣáájú báyìí. Bí nọ́ọ̀sì yẹn kò bá ka nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, tọkàntọkàn ni yóò máa fi ohun àtijọ́ tọ́jú ènìyàn.

Ẹ tún wo ventilator, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Ní ọdún 2000, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí à ń fi ẹ̀rọ yìí fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n dín in kù láti mìlílítà 12 fún kílò kan sí 6, iye àwọn tó ń kú wálẹ̀ láti nǹkan bí 40 nínú 100 sí 31. Kílò tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí òṣùwọ̀n sọ o. Inú gíga aláìsàn la ti ń ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó mú téèpù tó sì wọn aláìsàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀mí là kí dókítà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni ti àwọn ọmọdé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ṣáájú 2011, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ọmọ tí ibà líle bá ń ṣe, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ara rẹ̀ dáadáa, kí á sáré da omi dírípù sí i lára. Oníṣègùn ọmọdé kan, Kathryn Maitland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà. Ọmọ tó lé ní 3,000 ló wà nínú ìwádìí náà. Nínú àwọn tí wọ́n sáré fún ní omi, ó lé ní 10 nínú 100 tó kú láàárín wákàtí 48. Nínú àwọn tí wọn kò sáré fún, nǹkan bí 7 ni. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró kí àsìkò rẹ̀ tó pé, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ẹ rò ó wò. Kò sí ẹni tó ṣìkà nínú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń so omi yẹn mọ́ ọmọ lọ́wọ́ látọjọ́ yìí. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwádìí náà dé òpin pẹ̀lú. Kò sí ọmọ tó ń ṣu tó ń bì nínú rẹ̀, kò sí ọmọ tí àìjẹunrekánú ń bá jà. Ẹni tó bá gbọ́ àkọlé rẹ̀ nìkan, tó lọ ń du ọmọ onígbẹ́ gbuuru ní omi, lè pa ọmọ náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ gbígba ìwé ẹ̀rí láìgbọ́ ẹ̀kọ́ fi máa ń ká mi lára. Nursing and Midwifery Council ti Nàìjíríà ní kí á máa sọ láísẹ́ǹsì wa dọ̀tun lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, kí á sì fi hàn pé a lọ sí MCPDP, ẹ̀kọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún nọ́ọ̀sì. Òfin rere ni. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó ń fọwọ́ síwèé lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n sì ń jáde kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kò sì mọ ọjọ́ orí. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1915, ti ṣe tíṣà kó tó di nọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti di ìyàwó àti ìyá, kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun ló di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1964. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ fún mi pé òun ti dàgbà jù láti kẹ́kọ̀ọ́.

Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tó kù fún yín kò sí nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín ní òwúrọ̀, ẹ bèèrè ìdí tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi wà lórí páńpù. Ẹ fi ojú ara yín ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn. Ẹ wo iye ìtọ̀ tó wà nínú àpò. Bí aláìsàn bá kú, ẹ jókòó papọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ wo ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìwá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìlú Ọba tàbí Saudi, n kò bá yín wí; owó oṣù ibí yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìlànà tuntun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ jọ jókòó lónìí.

Ẹ̀yin mátíróònù àti ọ̀gá ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ yín ni mo parí sí. Láti Ifákọ̀ níbí ní Gbàgádà, a rí i ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, bí ìlú ṣe ń wá nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀rọ mímí lò. Síbẹ̀, owó ara wọn ni àwọn ọmọ yìí fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń lọ. Ẹ fi ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan sínú róstà wọn lóṣooṣù, kí ẹ kà á mọ́ iṣẹ́, kí ilé ìwòsàn sì san owó rẹ̀. Róstà oṣù tó ń bọ̀ kò tíì jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.