Ta Ló Ni Àwọsánmà Tí À Ń Kó Àwòrán Ara Wa Pamọ́ Sí?

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n ṣubú tí egungun itan wọn ṣẹ́, èmi ni mo gbé àwòrán X-ray wọn méjì láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, nínú àpòòwé ńlá. Òjò ká mi mọ́ orí ọ̀kadà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, fíìmù méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Bí mo ṣe ń fà wọ́n ya ni àwòrán ń bó sí mi lọ́wọ́. Dókítà ní kí a lọ tún un yà. A tún sanwó.

Ìyà àpòòwé yẹn ni cloud ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Wọ́n pè é ní àwọsánmà, àmọ́ ẹ má wòkè. Ilé ni, ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru. Ẹlòmíràn ló ni ín. A kàn ń háyà àyè níbẹ̀ ni. Ní Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni Microsoft ti ṣí tirẹ̀ ní 2019. Amazon ṣí tirẹ̀ ní Cape Town ní 2020.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí ẹ̀rọ CT bá ń ya àyà ènìyàn, ṣe ló máa ń gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì. Pẹlẹbẹ kan jẹ́ àmì tíntìntín 512 ní òró, 512 ní ìbú. Ó tó ìdajì mẹ́gábáìtì. Pẹlẹbẹ 500 á di nǹkan bí 250 mẹ́gábáìtì. Báìtì kan, bíìtì mẹ́jọ ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn bá ń gbé mẹ́gábíìtì méjì péré jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì náà á lò tó ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lójú ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń dúró. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tán, dókítà tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè máa ṣí i wò ní pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, láì dúró de gbogbo rẹ̀.

Ìlànà DICOM, tó jáde lórúkọ yìí ní 1993, ló jẹ́ kí ẹ̀rọ oríṣiríṣi gbọ́ èdè ara wọn. Ó máa ń kọ orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ síwájú fáìlì. A lè pa ìyẹn rẹ́. Ẹnì kan fún mi ní àwòrán ọlẹ̀ inú aboyún láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ní òun ti pa orúkọ rẹ́. Mo tàn án sára ògiri kíláàsì: orúkọ obìnrin náà hàn gedegbe lókè, ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán fúnra rẹ̀. Ojú tì mí.

Ní 2019, ilé iṣẹ́ Greenbone ní Jámánì rí ibi ìpamọ́ àwòrán ìṣègùn 590 káàkiri ayé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí olè tó já ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni ilé ni kò tì í.

Ní oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé Cape Town nìkan ni gbogbo àwòrán rẹ̀ wà, kí ló fẹ́ fi tọ́jú ènìyàn lọ́jọ́ náà? Èrò tèmi ni pé kí àwòrán ọdún kan sẹ́yìn, ó kéré tán, ní ẹ̀dà nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kí cloud jẹ́ àká kejì. Àwọn kan á ní owó ńlá nìyẹn. Òótọ́ ni.

Kí ẹ tó bá ilé iṣẹ́ cloud tọwọ́ bọ̀wé, ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù yín jáde. Nínú ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ní kí n bá àwọn wò, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́, lójú ewé kẹtàlélógún.