Ìlù Àwọn Ọmọ Philadelphia

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ni gbogbo olórin rápù fi ń lùlù, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ nípa The Roots. Ojú títì Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: Questlove ń lùlù gidi, Black Thought ń sọ̀rọ̀ lé e. Wọ́n ṣe àwo mẹ́ta; àwọn tí ó mọyì wọn kò pọ̀. Síbẹ̀ wọn kò gbé ìlù jù sílẹ̀. Ní 1999 ni ìkẹrin jáde. Orúkọ ìwé Chinua Achebe wa, Things Fall Apart, ni wọ́n sọ ọ́. Àwo wo ni à ń tà tí à ń pè ní “nǹkan ti túká”? Èyí tà! Ní 2000, orin kan nínú rẹ̀ gba ẹ̀bùn Grammy. Bí ẹ bá rí i gbọ́, ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí.