Ọ̀rọ̀ Alága: Pípe Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gígùn

Ní Deïdo níbí, Faransé la fi ń tajà, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n ń fi agbára pè. Ẹ wo “responsible”: re-spon-si-ble, “spon” ni kó dún jù. “Responsable” ti Faransé, ìparí ló ń dún. “Comfortable” tilẹ̀ le jù: “com” ló lágbára, “for” fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Àwa fúnra wa ṣì í pè fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníbàárà kò sọ fún wa! Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ wa kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, kò fẹ́ la ẹnu mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n máa kàwé sókè nílé, kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ ka sílébù. Kí àwa òbí náà jókòó tì wọ́n.