Ijó Nínú Kíláàsì Físíìsì: Kí Ẹnu Lè Sọ Ohun tí Ẹsẹ̀ Ti Mọ̀

   

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa kọ òfin Newton mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pátákó. A dà á kọ, a há a sórí, à ń kà á bí ẹni ń ka orúkọ ìlú tí kò dé rí. Nínú ìdánwò, wọ́n bi wá pé kí ni ń gbé ẹni tí ó fò kúrò nílẹ̀. N kò rí nǹkan kan kọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo jó bàtá ní agbo ilé wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdáhùn tí mo wá tì nínú ìwé, abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni ó wà.

Ohun tí mo bá wá lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ijó wa lè ṣílẹ̀kùn físíìsì fún ọmọ, bí a bá fi wíwọ̀n kún un, tí a sì ṣọ́ ẹnu wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fífò. Nínú ìwé tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687, òfin kẹta sọ pé ohunkóhun tí a bá tì, yóò ti àwa náà padà pẹ̀lú ipá kan náà. Oníjó bàtá tẹ orúnkún, ó ti ilẹ̀ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ sì tì í sókè. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ìwúwo ara kalẹ̀, èyí tí ó ní abẹ́rẹ́, kí ọmọ dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, abẹ́rẹ́ yóò kọ́kọ́ wálẹ̀. Bí ó bá wá ń ti ara rẹ̀ sókè, abẹ́rẹ́ yóò kọjá ìwúwo rẹ̀. Ọmọ náà kò rù, kò sì sanra. Bí ó ṣe ń ti òṣùwọ̀n ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo pípòòyì. Bí Egúngún bá ń pòòyì, àwọn abala aṣọ ara ẹ̀kú a nà síta yí i ká. Bí ó bá dúró lójijì, aṣọ kì í bá a dúró. Yóò ṣì máa yí lọ títí yóò fi wé mọ́ ọn. Ohun tí ń lọ fẹ́ máa lọ: òfin kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹ má sì sọ fún ọmọ pé nǹkan kan ni ó ń ti aṣọ síta. Aṣọ ìbá máa lọ tààrà ni; ara ni ó ń fà á padà. Ẹ̀kú kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, nítorí awo ni. Abala ànkárá tí a so mọ́ bẹ́líìtì ọmọ tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ jókòó sórí àga ọ́fíìsì tí ń yí, kí ó na ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ìgò omi kọ̀ọ̀kan, kí a yí i. Bí ó bá kó ọwọ́ mọ́ àyà, yóò yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tì í. Omi kò dín. Ó kàn súnmọ́ àárín ni.

Ìlù náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onílù bá dúró ní mítà 170 sí wa, a ó rí kọ̀ǹgọ́ tí ó ba awọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí a tó gbọ́ dùndún. Kí àwọn ọmọ wá tò lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni kìn-ín-ní tẹ̀ ba kí ó sì nàró, kí èkejì ṣe bákan náà, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Títẹ̀ba ti rìn dé òpin ìlà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ó kúrò ní àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá.

Níbi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Agbára ni a ń pe ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀: ipá tí ń ti nǹkan, ohun tí iṣẹ́ ń ná, àti bí a ṣe ń yára ná an tó. Ẹ mú oníjó méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba. Àwọn méjèèjì fò ní ìgbà 20, ní gíga kan náà. Ọ̀kan lo ìṣẹ́jú àáyá 20, èkejì lo 40. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe láti gbé ara sókè, ṣùgbọ́n ti ẹni àkọ́kọ́ yá ní ìlọ́po méjì. Mo dábàá pé kí a pe èyí tí ń tini ní ipá, kí a pe èyí tí à ń ná ní agbára, kí a sì pe ẹ̀kẹta ní ìyára-agbára. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé èdè-ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Físíìsì náà ń fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà Ilé-Ifẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn kan nínú. À ń gbọ́ ọ láàárín ara wa pé àṣẹ ni énẹ́jì, pé Ifá ti ka gbogbo físíìsì tán kí Newton tó dé. Babaláwo ni mí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun rẹ̀. Énẹ́jì ṣeé wọ̀n. Ta ni ó wọn àṣẹ rí? Ẹni tí ó bá sọ àṣẹ di énẹ́jì ti rẹ àṣẹ sílẹ̀, kò sì gbé físíìsì ga. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò yóò gba òdo, yóò sì padà wálé pẹ̀lú èrò pé irọ́ ni a pa fún òun. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní padà sí agbo wa mọ́. Ẹlẹ́rìí ni à ń pe Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí kì í sì í jẹ́rìí ohun tí kò rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Níbikíbi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ijó, kí a ní téèpù ìwọ̀n, aago, òṣùwọ̀n àti ìwé. Kí ọmọ jó. Kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ara rẹ̀ ṣe. Kí ó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọ òfin sílẹ̀. Kí ọ̀gá oníjó àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó pọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan má ṣe ba iṣẹ́ èkejì jẹ́.

Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa kò ní gbàgbé ijó, ẹnu wọn kò sì ní wá ọ̀rọ̀ tì. Àṣẹ.