Ìwádìí Ikú àti Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn: Ilé Tí Ó Wó ní Ìkọ̀tún

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue, Church of All Nations wó lulẹ̀ ní Ìkọ̀tún, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ènìyàn 116 ni ó kú. Àwọn àlejò láti Gúúsù Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjà a máa dájọ́ kí kóòtù tó jókòó, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kọ́rónà, Májísíréètì Oyetade Komolafe, ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ kọ́rónà ni láti wádìí ẹni tí ó kú àti ohun tí ó pa á. Ìjọ náà tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó rábàbà lókè ilé náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, 2015, kọ́rónà ní àbùkù inú ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó wó o, ó sì dámọ̀ràn pé kí a pe àwọn tí ọ̀ràn kàn lẹ́jọ́. Ìmọ̀ràn ni o! Kọ́rónà kò lágbára láti sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó wá gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga, níwájú Adájọ́ Lateef Lawal-Akapo. Ẹ̀sùn 111 ni. 110 nínú wọn jẹ́ ti ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé lójú òfin, ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀sùn tirẹ̀. A kì í di òkú pọ̀ bí ìtí igi. Ní 2016, àwọn olùjẹ́jọ́ ní àwọn kò jẹ̀bi. Abala 36 Ìwé Òfin 1999 sì ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi títí ẹ̀bi yóò fi hàn. Nítorí náà, ìjọba ni ó ru ẹrù ẹ̀rí: kí ó fi hàn, láìsí iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání, pé àìbìkítà tí ó burú jáì wáyé, pé òun gan-an ni ó sì pa olúkúlùkù. Ìbànújẹ́ àwọn ẹbí, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, kò lè dípò ẹ̀rí yìí.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba sọ tẹnu wọn tán, àwọn olùjẹ́jọ́ ní kò sí ohun tí ó yẹ kí àwọn fèsì sí. Ní 2018, adájọ́ kọ̀. Ó ní kí wọ́n wá rojọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí kò kọ́ òfin láti pe èyí ní ìdálẹ́bi. Ohun tí adájọ́ sọ kò ju pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ tó ohun tí a ń dáhùn sí. Bí olùjẹ́jọ́ bá rojọ́ tán, gbogbo ẹ̀rí ni adájọ́ yóò tún gbé yẹ̀ wò, iyèméjì tí ó bá sì kù, ti olùjẹ́jọ́ ni.