Wúrà Iléṣà àti ohun tó bá a rìn

Àwọn ọ̀dọ́ Èjìgbò máa ń bi mí pé, "Ṣé wúrà ò sí lọ́dọ̀ tiwa ni?" Ìhà Iléṣà ló pọ̀ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ sán láyé ọjọ́un. Omi gbígbóná gba ojú sísán náà gòkè, ó fi òkúta funfun àti wúrà dí i. Ibẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá wà, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà rẹ̀ ní 2021.

Àmọ́ wúrà Ìpérindó kì í dá wà: bàbà àti òjé ń bẹ nínú òkúta kan náà. Òjé ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó tó 400. Ìwọ tó o fẹ́ lọ wa wúrà, má gbé òkúta wálé o. Ọmọ ń rá lórí ilẹ̀ yẹn.