Ewé Tó Ya Lẹ́yìn Ìwé

[Ariwo ọjà Atakpamé: alùpùpù zẹ́mì ń kọjá, àwọn obìnrin ń polówó iṣu. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

OLÙSỌ̀TÀN: Ọjà Atakpamé la wà yìí, ní Tógò, nílẹ̀ àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ànà, àwọn ọmọ ìyá wa tó ní Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ó to ìwé sórí rẹ̀: ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Bíbélì, àti àwọn ìwé kéékèèké tí eruku ti pa láwọ̀ dà. Àwọn kéékèèké yẹn ni mo bá wá. James Hadley Chase wà níbẹ̀, Agatha Christie wà níbẹ̀, SAS ti Gérard de Villiers náà kò gbẹ́yìn. Èdè Faransé ni gbogbo wọn.

Irú ibí yìí ni mo ti ra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan nígbà kan. Mo kà á wọ òru. Wọ́n ti pa baálé ilé. Àwọn márùn-ún tí a lè fura sí ti jókòó sínú yàrá kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì dìde láti sọ̀rọ̀. Mo ṣí ewé, èèpo ẹ̀yìn ìwé ni mo bá. Ẹnìkan ti ya ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn lọ.

Inú bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n ewé tó ya yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé yìí. Mo padà síbẹ̀rẹ̀, mo mú bírò, mo ń fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tó jọ ẹ̀rí. Mo dá ẹjọ́ náà, ó dá mi lójú. Nígbà tó yá, mo rí odindi ẹ̀dà ní Lọ́mé. Mo ti ṣì í dá! Ẹ̀rí tòótọ́ wà lójú ìwé kọkànlá: bàtà kan tó ṣì tutù lẹ́nu ọ̀nà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó ni ín búra pé òun kò jáde lóru. Ojú mi rí bàtà náà, ọkàn mi ló fò ó.

[Ìlù díẹ̀.]

Eré wíwá ẹ̀rí yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àlọ́ àpamọ̀ ni. Ẹni tó ń pa àlọ́ gbọ́dọ̀ fi gbogbo àmì ìdáhùn sínú ìbéèrè rẹ̀. Bó bá fi ọ̀kan pamọ́, àwọn ọmọdé yóò pariwo pé ó yàn wọ́n jẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí olùyẹ̀wò ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́dọ̀ bi òǹkọ̀wé nìyẹn: ṣé o fi bàtà náà síbi tí ojú mi lè tó o?

Ìkejì ni pé, irú ènìyàn wo ló ń wá òtítọ́ yìí, ọ̀nà wo ló sì ń gbà? Ẹ wo àwọn méjì tó fìdí irú ìtàn yìí múlẹ̀ lédè Yorùbá. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde lọ́dún 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Lápàdé, akọni tirẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Ó gbójú, ó lágídí, òwe kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í dúró gba àṣẹ kó tó ki ọwọ́ bọ ihò ejò. Kọ́lá Akínlàdé, tó kọ Owó Ẹ̀jẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, a máa fara balẹ̀, a máa bi ni léèrè ọ̀rọ̀, a sì máa so ọ̀kan mọ́ èkejì títí irọ́ yóò fi tú. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì kò ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìkẹta ni ilẹ̀ tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Moussa Konaté ọmọ Málì rán kọmíṣọ́nnà Habib lọ sílẹ̀ àwọn Dogon nínú L'Empreinte du renard, tó jáde lọ́dún 2006. Ọlọ́pàá ìlú ńlá dé ibi tí àwọn àgbà ti mọ ohun gbogbo, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009, òǹkọ̀wé Kwei Quartey gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Darko Dawson láti Accra wá sí agbègbè Volta ní Gánà, nítòsí ààlà tiwa níbí, nínú Wife of the Gods. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi jìn fún ojúbọ wà nínú ìwé náà. Nínú irú ìwé báyìí, ìlú fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́rìí. Kí olùyẹ̀wò wádìí bóyá òǹkọ̀wé jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà sọ tẹnu rẹ̀, àbí ó kàn fi ojúbọ dẹ́rù ba àlejò.

[Ìró bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n ń ṣí.]

Tógò náà mọ adùn kí ènìyàn máa dúró de òpin ìtàn. Félix Couchoro, tí wọ́n bí ní Ouidah lọ́dún 1900, tó sì kú ní Lọ́mé lọ́dún 1968, kọ ọ̀pọ̀ ìtàn onípele sínú ìwé ìròyìn Togo-Presse ní ẹ̀wádún 1960: ìfẹ́, ogún, ọ̀tẹ̀ inú ẹbí. Ṣáájú ìyẹn, ní Èkó, Isaac Thomas ti fi ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó láti 1929. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ẹni tó ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló di ìwé tí ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya mú, títí ìwé ìròyìn mìíràn yóò fi jáde. Ìdúró yẹn ló ń mú wọn jiyàn, tó ń mú wọn padà ka ti àná.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ olùyẹ̀wò tó ń dárúkọ apànìyàn. Ẹni tó ya ewé mẹ́ta nínú ìwé mi ṣì fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó sọ òpin fún mi ti ya gbogbo ìyókù, ewé mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀ tó lè sọ. Kó sọ fún wa bóyá òkú inú ìtàn jẹ́ ènìyàn: ṣé a mọ ohun tó fẹ́ràn, ẹni tó ń sunkún rẹ̀, àyè tó ṣófo nílé? Ìwé tí òkú rẹ̀ kò ju ìdí ìwádìí lọ ti gbàgbé pé ẹ̀mí ló bọ́.

[Afẹ́fẹ́ nínú koríko.]

Ilẹ̀ tiwa náà ní àṣírí tirẹ̀. Ní Kamina, nítòsí Atakpamé níbí, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá kan sí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ lóru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọjọ́ 26 ni wọ́n túúbá. Àṣírí, òru, ilé tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ wó: kí ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún ń fẹ́? Ọ̀dọ́ Atakpamé tó ń ka Chase lédè Faransé, tó sì ń sọ èdè Ifẹ̀ nílé, mo fẹ́ kó mọ Lápàdé, kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìwádìí ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó jọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó wo Kamina dáadáa.

[Ariwo ọjà padà wá.]

Ìwé tó ya yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń yá àwọn ọ̀rẹ́ ní ín. N kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ síbẹ̀: “Padà sí ojú ìwé kọkànlá.”

[Ìlù. Òpin ètò.]